Kádílákì Tó Kúrò Nínú Gíláàsì

Ọwọ́ Mẹkáníìkì ti wà ní kọ́là Dókítà Eyín nígbà tí mo wọlé. Ó ti tì í mọ́ ògiri. Búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà wà ní ọwọ́ rẹ̀ kejì, ó ń fì í bí ẹni tó mú ọ̀bẹ dání.

"Gbé e jáde! Gbé mọ́tò mi jáde, olè!"

"Rọra," ni Dókítà Eyín wí. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ẹ̀wù yìí ni."

"Màá lọ ìwọ náà mọ́ ọn!"

Mo wá ibi jókòó. Àga oníke kan wà nídìí tábìlì iṣẹ́. Mo jókòó, mo fara ti ẹ̀yìn rẹ̀, mo gbé ọ̀pá mi sórí orúnkún. Mo ń dúró kó rẹ̀ wọ́n. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ọmọdé. Kò lè pẹ́.

Kò pẹ́. Mẹkáníìkì jù ú sílẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Dókítà Eyín tún kọ́là rẹ̀ ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n Jẹ́jẹ́," ni Mẹkáníìkì wí, "ẹ mú un. Ẹ pe àwọn ọlọ́pàá yín."

"Mi ò ní ọlọ́pàá kankan mọ́. Mo ti fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ ló ní kí n wá."

Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀," ni ó wí. "Màmá á gbọ́ o."

Gbogbo wọn rẹ ohùn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fi ìyẹn sọ́kàn.

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, mi ò sáré rí. Àwọn olè ló máa ń sáré. Lẹ́yìn tí wọ́n ní kí n wá ajá alágbàfọ̀ tó sọnù, mo ti búra pé mi ò wádìí nǹkan kan mọ́. Ṣùgbọ́n òpópónà kan náà la jọ ń gbé, yàrá iṣẹ́ yìí ni mo sì ti máa ń mu tíì.

Mẹkáníìkì tún ọkọ̀ ṣe títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kọ̀ láti wọ abẹ́ ọkọ̀ mọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò kéékèèké. Inú páálí ni wọ́n ti ń tà wọ́n. Gbogbo ẹ̀yà mọ́tò ló wà níbẹ̀, láti orí ẹ́ńjìnnì dé orí dígí, wọ́n lẹ̀ mọ́ igi rọ́bà bí èso. Èèyàn á gé wọn, á fi sáńpépà ra wọ́n, á kùn wọ́n, á lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ nìkan ló ń tò. Ó kó Dókítà Eyín wọ̀ ọ́. Àwọn méjèèjì kó Télọ̀ wọ̀ ọ́. Ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n á jókòó síbẹ̀, wọ́n á máa bú ara wọn lórí ẹ́ńjìnnì tí kò lè jó láéláé. Èmi kò lẹ nǹkan kan rí. Mo kàn ń gbádùn èébú wọn.

Ohun tó sọnù ni Kádílákì ọdún 1959. Ó gùn bí ọwọ́ mi láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka. Píǹkì ni. Lẹbẹ méjì ga lẹ́yìn rẹ̀ bíi ti ẹja, iná pupa méjì sì wà lára lẹbẹ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì ló ní irú rẹ̀ gan-an nígbà kan. Ẹ̀gbọ́n yẹn ti kú. Ìyàwó tó fi sáyé lọ ló tọ́ Mẹkáníìkì, òun la ń pè ní Màmá. Màmá pé ọgọ́rin ọdún lónìí. Ó ti dé láti àná, ó sùn sí yàrá àlejò. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ lọ́sàn-án. Mẹkáníìkì fẹ́ gbé mọ́tò náà lé e lọ́wọ́ níwájú gbogbo wọn. Màmá kò mọ̀.

"Bí kò bá jáde kí àlejò tó dé," ni Mẹkáníìkì wí, "èmi àti ọkùnrin yìí ti parí. Kó má kan ilẹ̀kùn mi mọ́ títí wọn á fi sin mí."

"Ta ló ń wá?" ni Dókítà Eyín wí. "Láti ìgbà tí a ti ní irun lórí la ti ń ṣọ̀rẹ́, o wá fún mi lọ́rùn nítorí rọ́bà."

"Rọ́bà! Ẹ gbọ́ ohun tó pè é!"

"Ẹ jókòó," ni mo wí.

Wọ́n jókòó sórí àpótí ìjókòó méjì tí wọ́n máa ń lò. Wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn.

*

Mo wo yàrá náà.

Àpótí gíláàsì wà lórí pẹpẹ. Ìdérí rẹ̀ wà níbi tó yẹ kó wà. Kò sí ohun tó fọ́. Inú rẹ̀ ṣófo.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ìbọ̀wọ́ funfun wà. Kò sí ẹni tó ń fi ọwọ́ lásán kan mọ́tò tó ti dán tán nínú yàrá yẹn. Òógùn ọwọ́ ń ba ọ̀dà jẹ́. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pariwo lé mi lórí bí ẹni pé mo fẹ́ ju ọmọ wọn sí kànga.

"Ta ló ká ìbọ̀wọ́ yìí báyìí?"

"Èmi ni," ni ìyàwó wí. "Mo fọ̀ ọ́, mo lọ̀ ọ́, mo ká a síbẹ̀ lánàá. Mo ní kó mọ́ fún òní."

Ilà aṣọ lílọ̀ ṣì mú lára rẹ̀. Kò sí ọwọ́ tó wọ inú rẹ̀ láti àná.

Mo yíjú sí tábìlì. Eruku píǹkì díẹ̀ wà lórí rẹ̀, ó kúnná bíi lẹ́búlẹ́bú. Sáńpépà wà lẹ́bàá rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ègé aṣọ kan, wọ́n tẹ́ ẹ dáadáa. Nǹkan pupa kékeré kan wà láàárín rẹ̀. Kò tóbi ju orí ìṣáná lọ.

Mẹkáníìkì rí i. Ó fò dìde.

"Yéè! Iná ẹ̀yìn mi! Ó ti fọ́ ọ!"

"Kò fọ́ ọ. Ó yọ ọ́ ni."

Dókítà Eyín na ọrùn. "Ó yọ ọ́ dáadáa," ni ó wí. "Ẹni tó yọ èyí ní sùúrù."

"Ìwọ náà lo mọ nǹkan yíyọ!"

"Eyín ni mo ń yọ. Ẹni tó ni ín ló sì máa ń bẹ̀ mí."

Mẹkáníìkì gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó gbé e sókè sí ojú fèrèsé. "Ẹ̀gbọ́n Jẹ́jẹ́, ẹ wo èékánná rẹ̀!"

Mo wò ó. Eruku píǹkì wà lábẹ́ èékánná Dókítà Eyín.

Ìyàwó Mẹkáníìkì ní "Háà." Dókítà Eyín gba ọwọ́ rẹ̀, ó tì í bọ àpò.

"Kí ni kí a pe ìyẹn?" ni mo bi í.

"Mi ò ní sọ."

"Ẹ rí i! Ẹ rí i!"

"Mi ò ní sọ níwájú rẹ̀," ni Dókítà Eyín wí. Etí rẹ̀ ti pọ́n.

Mo mú un jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn.

*

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó mú áńkáṣíìfù jáde, ó ṣí i. Eyín ló wà nínú rẹ̀. Eyín ìsàlẹ̀ ni, gbogbo rẹ̀ pé, ó jókòó lórí èrìgì píǹkì tó ń dán.

"Ti ta ni?"

"Ti wèrè tó wà nínú ilé yẹn ni. Èyí tó ní tẹ́lẹ̀ ń bù ú jẹ. Ó máa ń yọ ọ́ sápò tí àwọn èèyàn bá ti pọ̀, á wá máa rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹnu dídé. Ẹ ò ṣàkíyèsí?"

"Mo rò pé ìgbéraga ni."

"Eyín ni. Mo ní kó jẹun dáadáa lónìí, kó rẹ́rìn-ín níwájú Màmá. Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń fi fáìlì irin ha èrìgì rẹ̀ kó lè dán. Mo gbé e wá báyìí, mo gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé kí ìyàwó rẹ̀ má rí mi. Mo bá gíláàsì tó ṣófo. Mo ṣì ń wò ó ni òun náà wọlé, kò bèèrè nǹkan kan, ó kọjú sí ọrùn mi."

"O lè sọ fún un."

"Pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ ní ọ̀nà ọ̀fun mi?"

Mo ní kó fún mi díẹ̀ nínú ohun tó wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Mo gbọ̀n ọ́n sórí bébà. Mo ti bu díẹ̀ nínú èyí tó wà lórí tábìlì tẹ́lẹ̀. Mo mú awò mi tó ń mú nǹkan tóbi jáde, mo wo méjèèjì lójú oòrùn. Ti Dókítà Eyín jẹ́ píǹkì délẹ̀. Ti orí tábìlì ní funfun nínú. Kí wọ́n tó kun mọ́tò ní píǹkì, wọ́n á kọ́kọ́ fi ọ̀dà funfun tẹ́ ìdí rẹ̀. Ẹnì kan ti fi sáńpépà ha lẹbẹ Kádílákì kọjá píǹkì, ó ti dé funfun.

"Kì í ṣe ìwọ," ni mo wí.

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó pè mí ní olè." Ó di áńkáṣíìfù rẹ̀ padà. "Kó fi èrìgì jẹun."

*

Ìyàwó Mẹkáníìkì pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ojú ń tì í.

"Bàbá Jẹ́jẹ́, mi ò fẹ́ ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́. Ṣùgbọ́n Télọ̀ wá láàárọ̀ kùtùkùtù. Ó ní òun fẹ́ tún ìjókòó mọ́tò wò. Nígbà tó ń jáde, ó gbá báàgì kan mọ́ àyà. Mo kí i, kò dáhùn."

"Télọ̀? Kò dáhùn?"

"Òun ni mo ń sọ yẹn o. Ẹni tó máa ń kí ajá."

Ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ wà ní ìparí òpópónà. Mo rìn lọ. Ó wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn kíkankíkan. Kò sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ pọ̀ o."

"Mo rí i. Ẹ̀rọ rẹ ń rán afẹ́fẹ́."

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò. Báàgì kan wà lábẹ́ àga rẹ̀. Mo fi ọ̀pá mi fà á jáde díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣí i. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Ṣí i fúnra rẹ."

Ó ṣí i bí ẹni tó ń ṣí egbò. Mọ́tò kan wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Kì í ṣe Kádílákì. Mọ́sítáǹgì ni, aláwọ̀ búlúù. Ó dán. Ìjókòó rẹ̀ dára ju ti pálọ̀ mi lọ.

"Tìẹ ni?"

"Tèmi ni."

"Kí ló wá dé tí o ń sá káàkiri bí ẹni tó jí ọmọ gbé?"

"Ẹ wo inú rẹ̀."

Mo wò ó. Mi ò rí nǹkan kan.

"Sítíárì!" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Ọwọ́ òsì ni sítíárì mọ́tò Amẹ́ríkà máa ń wà. Wọ́n fi méjì sínú páálí, ti òsì àti ti ọ̀tún, kí èèyàn mú èyí tó fẹ́. Èmi mú ti ọ̀tún. Mo ti lẹ̀ ẹ́ tán, mo ti dé orí rẹ̀, mo ti kùn ún. Òwúrọ̀ yìí ni mo rí i lórí pẹpẹ. Bí Dókítà bá fi lè rí i, màá gbọ́ ọ títí ọdún á fi yípo. Mo fi aṣọ wé ọwọ́, mo jí i gbé kúrò níbẹ̀."

"O jí mọ́tò ara rẹ."

"Mo jí i, Ẹ̀gbọ́n."

Mo jẹ́ kó mí díẹ̀.

"Nígbà tí o ń jáde, ṣé Kádílákì wà nínú gíláàsì?"

"Ó wà níbẹ̀. Mo tilẹ̀ kí i. Kí ló ṣe é?"

"Ó ti rìn. Àga oníke tó wà nídìí tábìlì ńkọ́, ṣé o jókòó lé e?"

"Àga wo?"

"Àga tó ní ẹ̀yìn."

"Ẹ̀gbọ́n, níbo la ti rí àga tó ní ẹ̀yìn níbẹ̀ yẹn? Àpótí ìjókòó nìkan la ní. Àpótí yẹn náà ló sọ ẹ̀yìn mi di báyìí."

Mo dìde.

"Ṣé ẹ máa sọ fún Dókítà?" ni ó bi mí.

"Nípa kí ni?"

Ó kí mi títí mo fi yà ní kọ̀nà.

*

Mo rìn padà. Mo rìn díẹ̀díẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Orí mi máa ń ṣiṣẹ́ bí ẹsẹ̀ mi bá ń falẹ̀.

Ẹni yìí kò wọ ìbọ̀wọ́. Dókítà Eyín á wọ̀ ọ́, àní bó bá wá jalè. Télọ̀ á wọ̀ ọ́. Kì í ṣe ẹni tó ń to mọ́tò.

Ẹni yìí kò kánjú. Ó gbé àga wá. Ó jókòó tì í. Ó fi sáńpépà ra ibì kan ṣoṣo. Ó yọ iná kan ṣoṣo, ó tẹ́ aṣọ sábẹ́ rẹ̀ kó má sọnù. Olè kì í tẹ́ aṣọ fún ohun tó bá fi sílẹ̀. Kò sì fẹ́ ba mọ́tò jẹ́. Ẹni tó fẹ́ bà á jẹ́ á gbé e lu ilẹ̀, iṣẹ́ á parí.

Ó fẹ́ kí mọ́tò náà rí bákan. Bákan tí Mẹkáníìkì kò mọ̀.

Nígbà tí mo dé, Mẹkáníìkì ṣì jókòó sórí àpótí rẹ̀. Dókítà Eyín ṣì kọ ẹ̀yìn sí i. Àwọn méjèèjì ń mu tíì láti inú kẹ́tùrù kan náà.

Fọ́tò kan wà lára ògiri lókè tábìlì. Kádílákì gidi ni, pẹ̀lú ọmọdékùnrin kan tó rù ju igi lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìwọ nìyí?"

"Èmi ni. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi gbé e délé ni wọ́n yà á. Fọ́tò yẹn ni mo fi tò ó. Kò sí ibi tí mo ti yẹ̀."

"Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Mo lọ kọ́ṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Mo pẹ́ níbẹ̀. Ìgbà tí mo padà wá, wọ́n ti tà á."

"O ò rí i nígbà tó gbó."

"Kí ni ti gbígbó níbẹ̀? Kádílákì ni."

Mo na ọ̀pá mi sí àga tí mo jókòó lé láàárọ̀. "Àga yìí, níbo ló máa ń wà?"

Ìyàwó rẹ̀ wò ó. "Àga ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, nítòsí yàrá àlejò. Ta ló gbé e wá síbí?"

"Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò gba àpótí. Ta ló kù nílé yìí tí ẹ kò tíì bi léèrè?"

Wọ́n wo ara wọn.

"A ti bi gbogbo èèyàn," ni Mẹkáníìkì wí.

"Ẹ ti bi Màmá?"

"Màmá? Báwo la ṣe máa bi Màmá? Ìyàlẹ́nu la fẹ́ fi ṣe fún un! Láti àná la ti ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún un. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ mọ́tò tó sì wọlé, a ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ òjò." Ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀díẹ̀.

"Òun náà ni," ni mo wí.

*

Ẹ̀yìnkùlé la ti bá a. Ó jókòó sínú oòrùn lábẹ́ okùn aṣọ, ó na ẹsẹ̀. Gèlè rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, nǹkan gígùn kan wà lábẹ́ rẹ̀.

"Jẹ́jẹ́," ni ó wí, "o pẹ́ kí o tó dé. Àṣé òótọ́ ni wọ́n fi orúkọ yẹn pè ọ́."

"Ẹ kú ọjọ́ ìbí, Màmá. Ẹ gbọ́ ariwo wa?"

"Mo gbọ́ 'mọ́tò, mọ́tò.' Mo ní èyí tí wọ́n máa ń jà lé náà ni. Bí mo bá sì ti sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, gbogbo yín á dákẹ́. Mo wá jókòó síbí."

"Màmá, ẹ̀yin lẹ gbé Kádílákì?"

"Mo gbé mọ́tò ọkọ mi. Lọ́wọ́ ta ni mo ti jí i?"

Ó ṣí gèlè kúrò. Kádílákì jókòó sórí itan rẹ̀, píǹkì, ó ń dán nínú oòrùn. Lẹbẹ òsì rẹ̀ ti bó dé funfun. Ihò dúdú kékeré kan wà níbi tí iná kan ti kúrò.

Mẹkáníìkì rí i. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bókẹ́ẹ̀tì.

"Màmá," ni ó wí. "Ọ̀dà yẹn. Ìgbà mélòó ni mo kun ọ̀dà yẹn! Ẹ ti bà á jẹ́."

"Ìwọ lo bà á jẹ́. O ṣe é bí mọ́tò tí wọ́n fẹ́ tà."

Màmá fi ìka kan pa lẹbẹ tó bó náà.

"Ọjọ́ tí mo bí àkọ́bí mi, wọ́n lọ sọ fún ọkọ mi nílé. Ó bọ́ sínú mọ́tò. Kò wo ẹ̀yìn. Ó fi rìfáàsì, ó kó lẹbẹ yìí lu òpó géètì. Iná kan fọ́ dànù, ara rẹ̀ tẹ̀ wọlé. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ dà, ó ní òun ti fọ́ mọ́tò. Méjèèjì ni inú rẹ̀ dùn sí."

"Kò tún un ṣe?" ni mo bi í.

"Kò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó ń jáde lọ síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Èmi á dúró lójú fèrèsé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn mi. Iná mẹ́ta ni mo máa ń wò títí á fi yà ní kọ̀nà. Gbogbo mọ́tò yòókù, mẹ́rin. Tiwa, mẹ́ta." Ó wo Mẹkáníìkì. "Mo ń wá ilé ìwẹ̀ láàárọ̀ yìí, mo ṣí ilẹ̀kùn tí kì í ṣe òun, mo rí i nínú gíláàsì. Àyà mi já. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, iná mẹ́rin. Mo ní, ti ta wá lèyí? Mo gbé àga, mo yọ píìnì irun mi, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Ìyàwó Mẹkáníìkì nu ojú. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu Dókítà Eyín. Ó gbìyànjú láti gbé e mì, kò lọ.

"Kí lò ń rín?" ni Mẹkáníìkì bi í láti ilẹ̀.

"Wọ́n ní méjèèjì ni inú rẹ̀ dùn sí."

Ejìká Mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹkún ni. Ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹnu dídé, bó ṣe máa ń ṣe.

"Kò tíì rí bó ṣe yẹ," ni Màmá wí. "Mo bó o ni, kò wọlé. Ó yẹ kó wọlé síbí, bí àmì àtàǹpàkò. Ojú mi kò gbé e mọ́. Ta ló ní nǹkan tó mú nínú yín?"

Gbogbo wa wo Dókítà Eyín.

Mẹkáníìkì dìde, ó gbọn ìdí ṣòkòtò rẹ̀. Kò wo ojú rẹ̀.

"Dókítà. Ṣé irin iṣẹ́ rẹ wà lọ́wọ́?"

"Olè ni mí."

"Olè, ṣé irin iṣẹ́ rẹ wà lọ́wọ́?"

"Ó wà nínú báàgì mi. La ẹnu ná."

"Kí ni?"

"Mo ní kí o la ẹnu. Mi ò ní bá ẹni tí kò léyín ṣiṣẹ́."

Ó ṣí áńkáṣíìfù. Mẹkáníìkì wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó wo èékánná Dókítà Eyín. Ó wo kọ́là rẹ̀ tó ti rún. Ó la ẹnu.

Dókítà Eyín fi eyín náà sí i, ó tẹ̀ ẹ́ lápá ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́ lápá òsì. "Pa eyín pọ̀."

Ó pa wọ́n pọ̀. Kò bù ú jẹ. Ó rẹ́rìn-ín, gbogbo ẹnu rẹ̀ sì ṣí. Mi ò tíì rí eyín ọkùnrin yẹn tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Kọ́là rẹ," ni ó wí. "Ìyàwó mi á bá ọ lọ̀ ọ́."

"Ìwọ lo máa lọ̀ ọ́."

*

Tábìlì iṣẹ́ ni wọ́n ti ṣe é. Màmá jókòó sórí àga oníke rẹ̀, ó ń darí wọn. Mẹkáníìkì na ọwọ́ sí ìbọ̀wọ́ funfun. "Fi ìyẹn sílẹ̀," ni Màmá wí. "Ọkọ mi kò wọ ìbọ̀wọ́ fọ́ ọ."

Dókítà Eyín fi iná àbẹ́là yá irin tín-ín-rín kan. Ó di lẹbẹ náà mú, ó wá fi irin tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Rọ́bà náà rọ̀, ó wọlé.

"Díẹ̀ sí i," ni Màmá wí. "Ó sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i. Mẹkáníìkì ń wo òkè àjà.

"Òun nìyẹn," ni Màmá wí. "Òun náà nìyẹn."

Télọ̀ wọlé lákòókò yẹn. Báàgì rẹ̀ wà ní àyà rẹ̀. Ó ní òun kò lè rán nǹkan kan, ọkàn òun kò balẹ̀. Kí n tó dá a dúró, ó ti gbé Mọ́sítáǹgì jáde, ó ti jẹ́wọ́ ohun gbogbo níwájú Dókítà Eyín. Dókítà Eyín di ògiri mú. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní kí wọ́n bá òun gbé omi wá.

Màmá gba mọ́tò náà. Ó wo inú rẹ̀.

"Ibi tí èmi máa ń jókòó sí ni sítíárì wà."

"Àṣìṣe ni, Màmá."

"Àṣìṣe kọ́. Gbé e síbí. Èyí, èmi ni màá wà á."

Àwọn ọmọ rẹ̀ dé lọ́sàn-án. Ilé kún. Mẹkáníìkì jẹ ẹran, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń bú Dókítà Eyín lórí ẹ́ńjìnnì. Kádílákì ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, kò sì sí ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́. Mẹkáníìkì kàn ń fi ojú tẹ̀ lé e.

Ó dé ọwọ́ àkọ́bí. Ọkùnrin náà ti hu ewú. Kò wo ẹ́ńjìnnì, kò wo ìjókòó. Àtàǹpàkò rẹ̀ lọ tààrà sí lẹbẹ òsì, ó bọ́ sínú ibi tó wọlé náà, ó sì dúró síbẹ̀.

Màmá ló gbé Kádílákì àti Mọ́sítáǹgì lọ sílé. Iná pupa kan ṣẹ́kù. Ó wà nínú páálí ìṣáná lórí tábìlì Mẹkáníìkì.